Àwo Ti Rì, Máàpù Ńkọ́?

Bí òjò bá rọ̀ ní Command, ẹ̀yin òǹkàwé wa, kí olúkúlùkù yáa wá ibi dúró sí. Command tí mo ń wí yìí kì í ṣe bárékè ṣọ́jà. Àdúgbò ni, ní Alímọ̀ṣọ́, lójú ọ̀nà Ìpájà sí Àyọ̀bọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ gíráámà àwọn ológun tí ó wà níbẹ̀ ni àwọn èrò ọkọ̀ fi ń júwe ibẹ̀, títí tí orúkọ ilé ẹ̀kọ́ fi di orúkọ àdúgbò.

Ní àsìkò òjò tó kọjá, èmi àti àwọn ará ilé wa dúró ní ẹ̀hìnkùlé, à ń wo bí àgbàrá ṣe ń gbé ike, ọ̀rá píọ̀wọ́tà àti ewé lọ nínú gọ́tà. Obìnrin kan wà láàárín wa tí ó jẹ́ tísà ilé ẹ̀kọ́ gíráámà. Anti Tísà ni gbogbo ilé ń pè é. Ọmọkùnrin kékeré kan, ọmọ ayálégbé ẹlẹgbẹ́ wa, fa aṣọ rẹ̀.

"Anti, omi yìí, ibo ló ń lọ?"

"Ó ń lọ sínú gọ́tà ńlá tó wà lójú títì."

"Gọ́tà ńlá yẹn ńkọ́, ma?"

"Ó ń lọ sí kánààlì."

"Kánààlì yẹn ńkọ́, ma?"

Anti Tísà wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ gbà mí o. Ó di ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní jọ́gíráfì, èmi náà kò lè fi ìka tọ́ ọ̀nà tí omi ẹ̀hìnkùlé wa ń gbà dé òkun. Ìwé tí a fi ń kọ́ wọn kò sọ ọ́. Odò Ọya àti Bẹ́núè ló wà nínú rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ rò ó wò. Nígbà tí ìjọba ka ènìyàn ní 2006, 1,277,714 ni iye àwa tí wọ́n kà ní Alímọ̀ṣọ́ nìkan. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ọ̀rọ̀ òkun kò kàn wá, pé ti àwọn ará Victoria Island àti Lẹ́kí ni. Bẹ́ẹ̀ omi apá ọ̀dọ̀ wa ń wá odò Òwò lọ ni. Odò Òwò ń ṣàn sínú ọ̀sà Ológè, ọ̀sà Ológè ń bá omi Àgbádárìgì wá sí èbúté Èkó, láti ibẹ̀ ó di òkun. Ọ̀rá tí a sọ sí gọ́tà ní Command, ọ̀dọ̀ ẹja ló ń lọ. Ta ni yóò wá fi ọ̀nà yẹn han àwọn ọmọ wa? Tísà ni. Ta ni yóò fi han tísà? Ìtàn ohun tí mo rí nígbà tí mo wádìí ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ sọ fún yín.

ÀWO TÍ Ó KỌ́KỌ́ MỌ Ọ̀NÀ

Ilẹ̀ Àwórì ni Alímọ̀ṣọ́. Kò sí ọmọ Àwórì tí kò gbọ́ ìtàn Ọlọ́fin Ògúnfúnminírè. Àwọn baba wa sọ pé nígbà tí ó kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n fún un ní àwo kan kí ó gbé e lé orí omi. Ibi tí àwo bá léfòó dé ni kí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ máa tẹ̀ lé e dé. Àwo náà bá odò Ògùn lọ, ó ń dúró, ó ń ṣí, títí tí ó fi rì. Nígbà tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní, "Àwo ti rì." Báyìí ni wọ́n ṣe di Àwórì, tí wọ́n fi tẹ̀dó sí Ìṣẹrì, tí àwọn mìíràn sì sọ̀ kalẹ̀ dé Ìddó àti Èkó.

Ẹnì kan lè gba ìtàn yìí bí ó ti rí, ẹlòmíràn lè ní àlọ́ lásán ni. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé àwọn tí ó ń sọ ọ́ mọ̀ pé omi ní ọ̀nà, àti pé bí o bá gbé ohun tó ń léfòó sí i lórí, yóò fi ọ̀nà náà hàn ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àwo yìí sọ́kàn, nítorí a ó tún bá a pàdé níwájú, ní ìlú òyìnbó aláwọ̀ dúdú tí ó jìnnà sí Ìṣẹrì.

ẸNI TÓ MỌ OJÚ OMI LÓ WỌLÉ

Ẹnu ọ̀sà Èkó kì í ṣe ibi eré láyé àtijọ́. Òkìtì iyanrìn ńlá wà lábẹ́ omi níbẹ̀, ó ń ṣí nípò láti ìgbà dé ìgbà, ó sì ti ba ọkọ̀ ojú omi púpọ̀ jẹ́. Nígbà tí àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì wá fi ìbọn lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ogun wọn kan fi ìdí sọlẹ̀ nínú omi tí wọn kò mọ̀ dáadáa. Ìyà yẹn kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti túbọ̀ ń wọn omi, tí wọ́n ń ya máàpù ọ̀sà. Ọ̀kan nínú àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ni John Glover, ọmọ ogun ojú omi tí àwọn ará Èkó ń pè ní Gólóbà. Ní 1857 ó bá wọn lọ sí odò Ọya, ọkọ̀ wọn fọ́ nítòsí Jẹ́bà, ó sì gba orí ilẹ̀ wá sí Èkó. Ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ 1861 ni Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tí Èkó fi di ti Gẹ̀ẹ́sì. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Gólóbà, ẹni tó mọ ojú omi, di alákòóso ìlú, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1872.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní ṣàkó: máàpù etíkun wa, ọkọ̀ àti ìjọba ni wọ́n yà á fún, wọn kò yà á fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Àwọn apẹja Ìlàjẹ, Ẹ̀gùn àti Àwórì ní máàpù tiwọn lórí. Wọ́n mọ ibi tí omi jìn, ibi tí igi ẹ̀gbà ti ń bo ọmọ ẹja, oṣù tí omi ọ̀sà ń dun àti oṣù tí ó ń níyọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó pe wọ́n wá sí kíláàsì, kò sì sí ẹni tó mú máàpù ìjọba lọ sí abúlé wọn. Ìmọ̀ méjèèjì wà nínú ìlú kan, wọn kò kí ara wọn.

Ohun tí èyí mú wá kò pẹ́ tó fi hàn. Nítorí òkìtì iyanrìn yẹn, àwọn ọkọ̀ ńlá kì í lè wọ Èkó. Fọ́kádò ní ilẹ̀ Ìjọ̀ ni wọ́n ti ń já ẹrù sínú ọkọ̀ kéékèèké. Láti 1908 sí 1912 ni ìjọba fi òkúta ńláńlá mọ apá méjì jáde sínú òkun lẹ́nu ọ̀sà, ọ̀kan ní ìwọ̀-oòrùn, ọ̀kan ní ìlà-oòrùn, kí omi lè máa gbẹ́ ọ̀nà fúnra rẹ̀. Èbúté Èkó là. Owó wọlé. Ìlú fẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìgbì òkun wa láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ló ti ń wá. Bí ó ṣe ń na etíkun ni ó ń fa iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn, bí ìyàwó ilé tó ń gbá ilẹ̀ sí apá kan. Apá òkúta wá dá iyanrìn dúró. Ọ̀dọ̀ Tákwá Bay àti Lighthouse Beach ń sanra, Bar Beach tó wà ní òdìkejì ń rù. Láàárín ọgọ́ta ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òkun jẹ ilẹ̀ tó ju kìlómítà kan lọ níbẹ̀. Ìjọba ń da iyanrìn padà, òkun ń kó o. Láàárín 1974 sí 1975 nìkan, bíi mílíọ̀nù mẹ́ta mítà kúbíìkì iyanrìn ni wọ́n dà síbẹ̀. Wọ́n tún dà á ní 1981, wọ́n tún dà á ní 1985 sí 1986. Àwọn tó bá dàgbà ní Èkó láyé ìgbà náà rántí Bar Beach tó ń gun títì wá bá ọkọ̀ ènìyàn.

Ọmọ mélòó ló jáde ilé ẹ̀kọ́ gíráámà ní Èkó láàárín ọdún wọ̀nyẹn tí wọ́n kọ́ nípa ọ̀rọ̀ yìí nínú kíláàsì? Èmi náà ṣe jọ́gíráfì. Tísà wa ní ìwé máàpù kan tó ti gbó, òṣùwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1 sí 50,000, ìyẹn ni pé sẹ̀ǹtímítà kan lórí ìwé dúró fún ìdajì kìlómítà nílẹ̀. Òkè àti àfonífojì ibì kan tí a kò rí rí ló wà lórí rẹ̀. A kọ́ bí a ṣe ń ka ìlà òkè nítorí ìdánwò WAEC, mo sì yege. Ìgbà tí mo di oníròyìn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìdí tí Bar Beach fi ń rù.

IFẸ̀, 1972

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti yà mí lẹ́nu. Mo rò pé ìmọ̀ máàpù ìgbàlódé jìnnà sí wa ni. Àṣé ẹ̀yìnkùlé wa ló wà.

Ọjọ́ 23 oṣù Keje 1972 ni Amẹ́ríkà ju Landsat àkọ́kọ́ sójú òfurufú, sátẹ́láìtì tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ya fọ́tò ilẹ̀ ayé. Ní ọdún 1972 kan náà, àjọ ọrọ̀ ajé Áfíríkà lábẹ́ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè dá ibùdó kan sílẹ̀ tí a ń pè ní RECTAS, láti máa kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà ní bí a ṣe ń fi fọ́tò tí a yà láti òkè ṣe máàpù. Ibo ni wọ́n gbé e sí? Inú ọgbà Yunifásítì Ifẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà, Gánà, Bẹ̀nẹ̀, Mali, Niger àti Senegal wá síbẹ̀, wọ́n ń kọ́ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. Ibùdó náà wà níbẹ̀ títí di òní, AFRIGIST ni orúkọ rẹ̀ báyìí. Ifẹ̀ tí àwo ti gbéra lọ sí etíkun láyé Ògúnfúnminírè, ibẹ̀ náà ni máàpù tuntun gúnlẹ̀ sí.

Báwo ni iṣẹ́ náà ṣe rí? Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ lásán ṣàlàyé rẹ̀. Sátẹ́láìtì ní ojú tó ju ti ènìyàn lọ. Oòrùn ń tan ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú wa kò lè rí. Ewé tútù máa ń ta ìmọ́lẹ̀ yẹn padà gidigidi, omi sì máa ń gbé e mì. Nítorí náà, nínú fọ́tò irú rẹ̀, igbó ẹ̀gbà yóò mọ́lẹ̀ rekete, omi yóò dúdú bí aró, àlà tó wà láàárín ilẹ̀ àti òkun yóò hàn gbangba. Bí o bá ní fọ́tò ọdún mélòó kan, tí o fi ìlà tọ etí òkun nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí o gbé wọn lé ara wọn, o ti mọ iye tí òkun jẹ.

Ìṣòro kan ṣoṣo tí etíkun wa ní ni kùrukùru, nítorí òjò kì í jẹ́ kí kámẹ́rà rí ilẹ̀. Ìyẹn náà, wọ́n rí ọgbọ́n dá sí i. Ní 1976 sí 1977 ni ìjọba àpapọ̀ fi bàálù gbé ẹ̀rọ rédà káàkiri gbogbo Nàìjíríà, nítorí rédà ń ríran kọjá kùrukùru, wọ́n sì fi ṣe máàpù igbó àti oko wa.

Ta ni wọ́n wá kọ́? Àwọn awọnlẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn ọ̀mọ̀wé yunifásítì. Ó tọ́, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí tísà nígbà náà. Ní oṣù Kẹsàn-án 1976 ni ìjọba ológun bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ káàkiri Nàìjíríà, gẹ́gẹ́ bí Awólọ́wọ̀ ti ṣe é fún Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù Kínní 1955. Ọmọ rọ́ wọ kíláàsì bí eṣú. Ẹni tó bá lè mú ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n ń wá. Ta ló ráyè fọ́tò sátẹ́láìtì?

Ohun kan tún wà tó yẹ kí á rántí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́. Wọ́n kọ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò ní Yorùbá, ó sì yé àwọn ọmọ. Ẹ wá rò ó: nínú ìlú kan, láàárín ọdún méjì, ọgbọ́n bí a ṣe ń fi èdè wa kọ́ ọmọ àti ọgbọ́n bí a ṣe ń wo ilẹ̀ wa láti òkè jọ wà. Bí a bá mú wọn pàdé nínú kíláàsì tísà kan nígbà náà, ibo là bá wà lónìí?

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍGBÀ TÍ A KÒ WO MÁÀPÙ

Ní oṣù Kẹsàn-án 1984, koríko orí omi kan tó ní òdòdó àwọ̀ àlùkò, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní hyacinth, gba ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wọ omi Àgbádárìgì. Ó jọ ojú oró tí à ń fi ṣe àdúrà pé kí á lékè, ṣùgbọ́n àdúrà kọ́ ló bá wá. Ó bo ọ̀sà, ó dí ọ̀nà ọkọ̀, ó gba àwọ̀n lọ́wọ́ apẹja. Fọ́tò láti òkè lè fi ibi tó dé hàn lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó wà létí ọ̀sà rí i lójú, wọn kò rí i nínú ẹ̀kọ́ wọn.

Ti Ayétòrò tún bani nínú jẹ́ jù. Ní 1947 ni àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì dá ìlú náà sílẹ̀ ní etíkun Ìlàjẹ, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n jọ ń jẹun, tí gbogbo ayé ń wá wò ó. Òkun ti gba apá púpọ̀ nínú ìlú yẹn, ilé, ilé ẹ̀kọ́ àti ibojì àwọn baba. Bẹ́ẹ̀ òkun kò yọ́ wá bí olè. Fọ́tò sátẹ́láìtì ti ń ka ìrìn rẹ̀ láti ọdún gbọọrọ. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń lọ gan-an ni kò rí fọ́tò náà.

Ní Èkó ńkọ́? Ní oṣù Kẹjọ 2012, ìgbì òkun ya wọ Kúrámò lóru, ẹ̀mí ṣòfò. Lápá Òkun Alfa, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀tì-Ọ̀sà, títì àti ilé ti bómi lọ. Àwọn kan ní ògiri òkúta tí wọ́n mọ fún ìlú Eko Atlantic ló fà á, àwọn tó ń kọ́ ìlú náà ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. N kò ní dá ẹjọ́ yẹn níbí. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó mọ bí wọ́n ṣe ń ka máàpù lè gbé fọ́tò 1984, 2008 àti ti ìsinsìnyí síwájú, kí ó fi rúlà wọ̀n ọ́n, kí ó sì bá àgbà jiyàn pẹ̀lú ẹ̀rí lọ́wọ́. Ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n yóò gba ti ẹni tí ohùn rẹ̀ bá ròkè jù.

ÀWO TÚN PADÀ WÁ

Mo ní a ó tún bá àwo pàdé. Ní oṣù Keje 1998, àwọn elétò ẹ̀kọ́ ṣe ìpàdé ní erékùṣù Tobago, ní ilẹ̀ Kàríbíà tí àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà pọ̀ sí. Nínú ìpàdé yẹn ni ètò kan ti jáde tí UNESCO gbé lárugẹ, Sandwatch ni wọ́n ń pè é. Ní 2001, wọ́n kó àwọn tísà jọ sí Saint Lucia, wọ́n kọ́ wọn ní bí wọ́n ṣe lè mú ọmọ lọ sí etíkun láti wọn ìbú iyanrìn, láti ka ìdọ̀tí, láti mọ bí ìgbì ṣe ga tó, kí wọ́n sì ya máàpù ohun tí wọ́n rí.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ibi tí omi etíkun ń lọ? Wọ́n máa ń ju ohun tó ń léfòó sínú omi, wọn a wo ìṣẹ́jú, wọn a sì wọn ibi tó dé. Ẹ̀yin ará, kí ni ìyẹn bí kò ṣe àwo Ògúnfúnminírè?

Ohun tó wú mi lórí nínú iṣẹ́ wọn ni pé wọn kò bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀rọ olówó ńlá. Tísà ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́. Ó kọ́kọ́ mọ okùn ìwọ̀n àti pẹ́ńsù, lẹ́yìn náà ni fọ́tò àti kọ̀ǹpútà wá bá a. Tísà tó ti fi ẹsẹ̀ wọn etíkun kì í bẹ̀rù máàpù, nítorí ó mọ ohun tí ìlà kọ̀ọ̀kan dúró fún.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹ̀rọ ti dé. Ní oṣù Kọkànlá 1998, wọ́n ṣí ibùdó ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì òfurufú ti Áfíríkà fún àwọn tó ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ní Ifẹ̀ náà, iṣẹ́ rẹ̀ sì kan ilé ẹ̀kọ́ gíráámà àti àwọn olùkọ́ wọn pẹ̀lú. Ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án 2003 ni NigeriaSat-1 gbéra láti Rọ́ṣíà, sátẹ́láìtì tiwa àkọ́kọ́ tó ń ya fọ́tò ilẹ̀. Ohun tí kò tó mítà 32 kò lè hàn dáadáa nínú fọ́tò rẹ̀. NigeriaSat-2 tẹ̀ lé e ní 2011, òun lè rí ohun tí kò ju mítà méjì àbọ̀ lọ, ìyẹn ni pé ó lè rí ọkọ̀ dáńfó lójú títì. Google Earth jáde ní 2005. Ní 2008, Amẹ́ríkà sọ gbogbo fọ́tò Landsat di ọ̀fẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìjọba Èkó náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní tábúlẹ́ẹ̀tì nínú ètò EKOEXCEL, ní nǹkan bíi 2020.

Kí ló wá kù? Ẹ̀kọ́ fún tísà ló kù. Tábúlẹ́ẹ̀tì tó bá tísà tí kò mọ máàpù, díńgí lásán ni. Ohun tí ó yẹ kí á kọ́ wọn kò pọ̀ jù: bí a ṣe ń rí fọ́tò àtijọ́ àti tuntun ibì kan náà, bí a ṣe ń fi ìlà tọ etí omi, kí a sì wọ̀n ọ́n, bí a ṣe ń mọ ẹ̀gbà yàtọ̀ sí koríko lásán, bí a ṣe ń fi fóònù mú ibi tí a dúró sí, kí a kọ ọ́ sórí máàpù. Ìkarùn-ún ni bí a ṣe ń jókòó ti apẹja, kí a bi í léèrè. Kí wọ́n sì kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu wa: òkun, ọ̀sà, ẹ̀gbà, ẹrọ̀fọ̀, àgbàrá. Ọmọ tó mọ ọ̀sà ní Yorùbá kò ní ṣì í pè ní odò nínú ìdánwò.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò wí: iná kò sí, dátà wọ́n, owó oṣù kò tó, kíláàsì kún. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí á di ẹrù náà lé tísà lórí nìkan. Ọgbọ́n ti wà ní Ifẹ̀ láti 1972. Ó ti ju àádọ́ta ọdún lọ. Láti Ifẹ̀ sí Command, ọ̀nà kò jìn tó bẹ́ẹ̀.

LỌ́JỌ́ SÁTIDÉ KAN

Lẹ́yìn tí mo ti wádìí tán, mo kan ilẹ̀kùn Anti Tísà. Mo ní, "Anti, ẹ jẹ́ kí á dá ọmọ yẹn lóhùn." A jókòó sí àkọ̀dì, a ṣí fọ́tò sátẹ́láìtì lórí fóònù, ọmọ náà dúró sí ẹ̀yìn wa. A rí òrùlé ilé wa. A rí títì. Nígbà tó yá, kánààlì sá pamọ́ fún wa sí abẹ́ òrùlé páànù, èmi àti Anti Tísà ń wò bọ̀ọ̀.

Ọmọ náà na ìka. "Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ló ti jáde, ma. Ibẹ̀ ni a ti ń gbá bọ́ọ̀lù."

Òótọ́ ni. A bá a níbẹ̀. Láti ibẹ̀ a ń tẹ̀ lé omi náà lọ díẹ̀díẹ̀, ó bọ́ sínú odò kékeré, ó bọ́ sínú Òwò, igbó ń nípọn, ilé ń dín kù, títí omi fi là gbàràgàdà, tí ó di ọ̀sà Ológè. Anti Tísà kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọdún mọ́kàndínlógún, Bọ̀dá. Kí ẹnì kan tiẹ̀ ti fi èyí hàn mí nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì."

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó ní kí gbogbo kíláàsì rẹ̀ ya máàpù omi ilé wọn, kí oníkálukú bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà tirẹ̀. Nígbà tí ọmọ ilé wa gbọ́, òun náà jókòó sí àtẹ̀gùn, ó ya tirẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo tó wọ́ kọ́rọkọ̀rọ ni. Ní òkè rẹ̀ ó kọ "ilé wa", ní ìsàlẹ̀ ó kọ "òkun". Láàárín méjèèjì ó ya ọ̀rá píọ̀wọ́tà kan. Láti ọjọ́ yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ sọ ọ̀rá sí gọ́tà nínú ilé wa, ọmọ náà á sá lọ mú ìwé rẹ̀ wá.